Ètò Ipò fún Àwọn Oníjàkadì Orí Ìwé

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú yín ni ó ti gbọ́ ariwo wa ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, tí ẹ sì ti bèèrè ohun tí a ń jà lé lórí. Ìjàkadì ni a ń jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀. Àwa mẹ́jọ ni a wà nínú ẹgbẹ́ náà. Olúkúlùkù ti fi èrò ara rẹ̀ dá oníjàkadì kan, ó sọ ọ́ lórúkọ ẹranko, ó sì kọ agbára rẹ̀ àti àbùkù rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí méjì bá fẹ́ pàdé, àwọn tí ó ni wọ́n yóò kọ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan nípa bí ìjà náà ti lọ. Àwọn onídàájọ́ mẹ́ta yóò ka méjèèjì, wọn yóò sì sọ ẹni tí ó borí. Bí ìwé kan bá wí pé ẹni tí orúnkún ń dùn fò ga ju àjà ilé lọ, ìwé náà ti ṣubú nìyẹn.

Àwa tí a ń kọ èyí ni a ṣe ètò ipò àkọ́kọ́, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà lórí wa. A ní kí ẹni tí ó bá borí gba máàkì 3, kí ẹni tí ó bá ṣubú má gba nǹkan kan. Ó rọrùn, gbogbo ènìyàn sì gbà á. Lẹ́yìn sáà méjì, Àjànàkú wà ní ipò kìn-ín-ní pẹ̀lú máàkì 42, Òkété sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn pẹ̀lú 15. Ní ọjọ́ kan ẹni tí ó ni Òkété wá bá wa ní jẹ́jẹ́, ó ní òun fẹ́ gba ìwé òun padà. Kò bínú. Ó kàn wí pé òun kò mọ ìdí tí ènìyàn yóò tún fi máa pe alágbára níjà nínú ẹgbẹ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, a sì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ láti kà á lẹ́sẹẹsẹ. Nínú ìjà 14 tí Àjànàkú ti borí, 11 jẹ́ lórí àwọn méjì tí ó rọ̀ jùlọ láàárín wa. Òkété ní tirẹ̀ ti ja ìjà 12, ó borí nínú 5, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ pẹ̀lú Kìnìún, Ẹkùn àti Ẹfọ̀n, àwọn tí Àjànàkú ń sá fún. Àwọn méjì tí ó rọ̀ náà sì ń bá ara wọn jà nígbà gbogbo, wọ́n sì ń kó máàkì jọ láti ọwọ́ ara wọn títí wọ́n fi ga ju Òkété lọ. Ètò wa ń ka iye ènìyàn tí a dá, kò bèèrè ta ni.

Àwọn kan dábàá pé kí a wo ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà. Kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí níbẹ̀ a ti pinnu ẹni tí yóò borí kí àwọn méjèèjì tó wọ inú okùn. Ìtàn ni àkọsílẹ̀ wọn, kì í ṣe ìṣirò.

Ti àwọn ará Jàpáànì ni ó wù wá jù. Láti ọdún 1958 ni àwọn oníjàkadì súmò ti ń ṣe ìdíje ńlá mẹ́fà lọ́dún. Nínú ẹgbẹ́ òkè, tí ó ní ènìyàn 42, olúkúlùkù ń jà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 15. Ẹni tí ó bá borí nígbà 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ a máa gòkè. Ẹni tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ a máa sọ̀kalẹ̀. Kí ìdíje kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, a ń tẹ ìwé ipò tí wọ́n ń pè ní banzuke jáde. Lẹ́tà ńláńlá ni a fi ń kọ orúkọ àwọn ọ̀gá sókè rẹ̀, ti àwọn ìsàlẹ̀ sì tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ń ro ẹni tí ń wá a. Ẹni tí ó bá di yokozuna, ipò tí ó ga jùlọ, kì í sọ̀kalẹ̀ mọ́; bí agbára bá tán, ìfẹ̀yìntì ni ó kù fún un. Terunofuji, ọmọ Mongolia, gòkè dé ipò kejì sí òkè ní 2015. Orúnkún àti àìsàn fà á lulẹ̀ títí ó fi bá ara rẹ̀ ní 2019 nínú ẹgbẹ́ kejì sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ní 2021 ó di yokozuna. Ètò tí ó lè sọ ènìyàn kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tọ́ sí ìyìn.

Ṣùgbọ́n ní Jàpáànì, àwọn alákòóso ni ó ń yan ẹni tí yóò bá ẹni jà, wọ́n sì ń mú àwọn tí ipò wọn súnmọ́ra pàdé. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, olúkúlùkù ni ó ń yan ọ̀tá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìṣòro wa wà, nítorí náà a yà sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ṣẹ́ẹ̀sì.

Arpad Elo, tí a bí ní Hungary ní 1903, tí ó sì di olùkọ́ àgbà nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣe ìṣirò tí a rí gbà. Ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà gbà á ní 1960, ti àgbáyé sì gbà á ní 1970. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ipò jẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ nípa ìjà tí a kò tíì jà. Bí ẹnì kan bá fi máàkì 200 ju èkejì lọ, a ń retí pé yóò borí nígbà bí 76 nínú 100. Bí ó bá fi 400 jù ú, nígbà 10 nínú 11. Lẹ́yìn ìjà, a ó fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ wé ohun tí a retí, ìyàtọ̀ wọn ni a ó sì san.

Gbogbo oníjàkadì wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1500, a sì fi 32 ṣe òdiwọ̀n ìjà kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn méjì tí ó dọ́gba bá pàdé, ẹni tí ó borí gba 16 láti ọwọ́ èkejì. Bí alágbára bá fi 400 ju ọ̀lẹ lọ, tí ó sì dá a, 3 péré ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀lẹ náà bá dá alágbára, 29 ni yóò gbà, alágbára yóò sì pàdánù 29. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, ẹni ìsàlẹ̀ náà ni yóò jèrè díẹ̀. Nítorí pé ohun tí ẹnì kan gbà ni èkejì sọnù, àròpọ̀ gbogbo wa kò lè kúrò ní 12000. A gba ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ yẹ ìṣirò wa wò níyànjú láti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni a ti fi í rí àṣìṣe ara wa.

Ìṣirò náà kò wo gbogbo àrùn sàn. Ẹni tí ó bá ga lè jókòó sílé kí máàkì rẹ̀ má baà dín. A pinnu pé ẹni tí kò bá jà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, orúkọ rẹ̀ yóò kúrò lórí àtẹ títí yóò fi jà. Máàkì rẹ̀ yóò dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà péréte kò tó láti mọ ènìyàn, a kò sì jẹ́ kí a to ẹni tí kò bá tíì ja ìjà mẹ́wàá sí ipò kankan. Èyí mú wa rántí káàdì tí àwa náà yóò máa kọ fún àwọn ọmọ, tí a ó kọ ipò kìn-ín-ní àti ipò ìkẹyìn sí lẹ́yìn ìdánwò ọjọ́ kan ṣoṣo.

A fi òru mẹ́ta tún gbogbo ìjà sáà méjèèjì ṣírò. Àjànàkú bọ́ sí ipò kẹrin pẹ̀lú 1528. Òkété gòkè láti ipò kẹjọ sí ìkarùn-ún, ó ní 1517. Ẹni tí ó ni Òkété ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà fún wa, kò sì sọ̀rọ̀ gbígba ìwé rẹ̀ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni Àjànàkú pè é níjà. Ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀ ni. Bí 16 ni ó wà nídìí rẹ̀, 11 sì ni ó wà láàárín wọn.