Bí Àlejò Ṣe Lè Ra Alùpùpù Àlòkù

Ore jẹ́ oríta ńlá ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Ìlú Benin gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀nà tí ó ti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa náà gba ibẹ̀. Ore ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo, ìlú Odigbo fúnra rẹ̀ kò sì jìnnà sí i. Oko kòkó àti oko ọ̀pẹ pọ̀ ní àgbègbè yìí. Nítorí náà, àwọn àlejò láti ibi púpọ̀ ni ó ń wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀nà oko kì í sábà dára fún ọkọ̀ ńlá, pàápàá ní àkókò òjò. Alùpùpù ni ó ń gbé kòkó, ẹ̀gẹ́, irinṣẹ́ àti ènìyàn. Àwọn kan ń pè é ní máṣìnnì, ọ̀pọ̀ sì ń pè é ní ọ̀kadà. Orúkọ ọ̀kadà yìí wá láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu wa.

ÀLEJÒ KAN LÁTI KÉTU

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn káfíńtà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ará Kétu ni. Yorùbá ni àwọn ará Kétu, ṣùgbọ́n ìlú wọn wà ní orílẹ̀-èdè Benin, tí a ń pè ní Dahomey títí di ọdún 1975. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò sí ní ọdún 1889 ni ó mú Kétu bọ́ sí ìhà Faransé. Nítorí náà, bí káfíńtà yìí tilẹ̀ ń sọ Yorùbá bíi tiwa, àlejò láti ilẹ̀ mìíràn ni ní Ore. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ láti ka Yorùbá ní kíláàsì àwọn àgbà ni. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkan òrùlé. Wọ́n ń pè é ní Ore, wọ́n ń pè é ní Odigbo, wọ́n sì ń pè é ní àwọn abúlé inú oko. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó kó owó náà. Ó ní, “Alùpùpù ni n ó fi rà.”

Owó tí ó tó ra tuntun kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àlòkù ni apá rẹ̀ ká. Ọ̀nà méjì ni àlòkù pín sí. Èkíní ni tòkunbọ̀, èyí tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí wọ́n tó kó o wọlé. Èkejì ni èyí tí wọ́n rà ní tuntun ní Nàìjíríà níhìn-ín, tí wọ́n sì lò.

ỌJÀ ÌRỌ̀LẸ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan gun alùpùpù wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ara alùpùpù náà ń dán. Iye tí ó pè é kò tó ìdajì iye tí àwọn ẹlòmíràn ń pè.

“Ẹ̀gbọ́n, màmá mi ló wà ní ọsibítù,” ni ọkùnrin náà wí. “Ẹ kówó jáde kíákíá. Ẹlòmíì ń dúró dè mí ní gáréèjì.”

“Ìwé rẹ̀ ńkọ́?”

“Ìwé rẹ̀ nìyí. Ó pé pérépéré.”

Inú káfíńtà dùn. Ó na ọwọ́ sí àpò. Ṣùgbọ́n ó rántí ohun tí àwọn àgbà máa ń wí, pé àlejò lójú, kò fi ríran. Ó ní, “Àbúrò, jẹ́ kí n pe bàbá onílé mi, kí a jọ lọ rí mẹkáníìkì.”

Ojú ọkùnrin náà yí padà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé wọn.

KÍKA NỌ́ŃBÀ

Mẹkáníìkì náà ti dàgbà. Kò kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnì. Ó fi àkísà nu ọrùn alùpùpù náà, ní ìsàlẹ̀ ibi tí a ń fi ọwọ́ dì mú. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ibẹ̀.

“Ará Kétu,” ni ó wí, “ṣebí o ti ń lọ sí kíláàsì. Ka ohun tó wà níbí.”

“Bàbá, Gẹ̀ẹ́sì ni. Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.”

“Nọ́ńbà kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe Faransé. Bí wọ́n ṣe ń kọ 3 ní Kétu náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Ore. Kà á sókè, kí bàbá onílé máa wo ìwé.”

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá onílé ń fi ìka tọ inú ìwé. Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, káfíńtà pe 8. Bàbá onílé ní, “Dúró ná. 3 ni mo rí níhìn-ín.”

Wọ́n tún un kà. 8 ni ó wà lára irin, 3 ni ó wà nínú ìwé. Mẹkáníìkì fi èékánná ha ojú irin náà. Ọ̀dà tuntun ṣí kúrò. Wọ́n ti fi irin ha ibẹ̀ rí, wọ́n sì ti yí nọ́ńbà náà padà.

“Ọ̀dọ̀ ta ni o ti rà á?” ni bàbá onílé bi ọkùnrin náà.

Ó ní òun fẹ́ lọ pe ẹ̀gbọ́n òun wá. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ, kò sì padà wá mọ́. Bàbá onílé kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, ó sì mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin òǹkàwé, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó yọ káfíńtà yìí. Ká ní ó sanwó, owó ọdún méjì ni ìbá lọ. Ìyẹn nìkan kọ́. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọjọ́ tí olóhun bá rí alùpùpù rẹ̀, ọwọ́ àlejò ni yóò ti bá a. Àwọn àgbà sì ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Òfin Nàìjíríà náà sọ pé ẹni tí ó bá gba ẹrù olè, tí ó sì mọ̀ pé ẹrù olè ni, ti dẹ́ṣẹ̀. Ta ni yóò wá jẹ́rìí fún àlejò pé kò mọ̀?

Nítorí náà, ẹ mọ nọ́ńbà méjì wọ̀nyí. Èkíní ni nọ́ńbà ẹ́ńjìnì, tí ó wà lára ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Èkejì ni nọ́ńbà ṣásí, tí ó sábà máa ń wà ní ọrùn alùpùpù. Lára àwọn tí wọ́n ń ṣe lóde òní, nọ́ńbà ṣásí máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú wọn, kí ènìyàn má baà ṣì wọ́n pè ní 1 tàbí 0. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Japan ni wọ́n ti ṣe é. Bí ó bá jẹ́ L, Ṣáínà ni. Bí ó bá jẹ́ MA títí dé ME, Íńdíà ni.

YÍYẸ ARA ALÙPÙPÙ WÒ

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbọ́ pé tíṣà kan ní Odigbo fẹ́ ta alùpùpù tirẹ̀. Mẹkáníìkì ní, “Ẹ sọ fún un kó má tan án kí a tó dé.” Wọ́n lọ ní òwúrọ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ kedere. Wọ́n ka nọ́ńbà méjèèjì. Wọ́n bá ìwé mu. Lẹ́yìn náà ni mẹkáníìkì yẹ ara rẹ̀ wò báyìí:

1. Ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Ó tutù. Bí ẹ bá bá a ní gbígbóná, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tan án sílẹ̀, kí ẹ má baà mọ̀ pé kì í tètè ṣiṣẹ́.

2. Ó tan án, ó wo èéfín rẹ̀. Bí èéfín bá dà bí aró, ọ́ìlì ni ó ń jóná nínú ẹ́ńjìnì, àtúnṣe rẹ̀ sì ń gba owó. Bí ó bá dúdú, epo bẹntiróò ni ó ń wọlé jù, èyí sì rọrùn díẹ̀ láti tún ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn alùpùpù kan wà tí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo wọn. Àwọn yẹn kò lè ṣe kí wọ́n má rú èéfín.

3. Ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó wo táyà méjèèjì. Ó yẹ kí wọ́n wà lórí ìlà kan. Bí ọ̀kan bá yà, alùpùpù náà lè ti ṣubú rí, kí irin rẹ̀ sì ti tẹ̀.

4. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó yí i, ó sì fọwọ́ kan sípóòkì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

5. Ó wo ṣéènì, ó wo eyín irin tí ṣéènì ń yí lé. Bí eyín náà bá ti mú ṣóńṣó bí eyín ayùn, ó ti gbó.

6. Ó gùn ún dé iwájú, ó tẹ bíréèkì, ó tan iná, ó sì fọn fèrè.

Nígbà tí ó padà dé, ó ní, “Tíṣà, ọjà yín dára. Ṣùgbọ́n ṣéènì ti gbó, táyà ẹ̀yìn sì ti pá. Ẹ bá wa dín in kù.” Tíṣà rí i pé òótọ́ ni. Ó dín in kù.

OWÓ ÀTI ÌWÉ

Káfíńtà kò fi gbogbo owó rẹ̀ ra alùpùpù. Bí a bá pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, ó fi méjì pamọ́ fún ṣéènì, táyà, ìwé àti akoto. Ìwà ọgbọ́n nìyẹn. Ẹni tí ó bá fi gbogbo owó rẹ̀ ra àlòkù, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni yóò gbé e tì.

Kí ó tó sanwó, wọ́n kọ rìsíìtì báyìí:

Èmi, ........, tí mo ń gbé ní ........, ta alùpùpù kan fún ........ ní ọjọ́ ........
Iye owó rẹ̀ ni ₦........
Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì: ........
Nọ́ńbà ṣásí: ........
Ọwọ́ ẹni tí ó tà á: ........
Ọwọ́ ẹni tí ó rà á: ........
Ẹlẹ́rìí kìíní: ........ Ẹlẹ́rìí kejì: ........

Tíṣà kó gbogbo ìwé àtijọ́ fún un. Wọ́n jọ lọ sí ọ́fíìsì tí a ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè yí i sí orúkọ ẹni tí ó rà á. Ẹ má ṣe fi èyí falẹ̀. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá ṣì wà lórí ìwé, alùpùpù yín kò tíì di tiyín tán.

Ohun méjì tún wà tí àlejò gbọ́dọ̀ ṣọ́. Èkíní ni ìwé tirẹ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ ECOWAS ṣe ní ọdún 1979 gba ọmọ ọ̀kan nínú wọn láàyè láti wọ ilẹ̀ èkejì pẹ̀lú ìwé ìrìnnà, kí ó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Ẹni tí yóò bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní láti gba àṣẹ.

Èkejì ni orúkọ. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Adéṣínà ní Ore lè jẹ́ Adéchina nínú ìwé tí ó mú wá láti Kétu, nítorí ch ni Faransé fi ń kọ ṣ. Bí orúkọ bá ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì.

Ẹ má sì gbàgbé ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Lẹ́tà A ni ó dúró fún alùpùpù lórí rẹ̀. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ akoto ní oṣù kìíní ọdún 2009. Nígbà náà, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá sórí láti fi tan ẹ̀ṣọ́ jẹ. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n rò pé àwọn ń tàn, orí ara wọn ni wọ́n tàn. Igbá kò lè gba orí là.

Lónìí, káfíńtà wa ń dé oko kí oòrùn tó mú, ó sì ń sùn nílé rẹ̀ lálẹ́. Rìsíìtì rẹ̀ wà nínú àpótí. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ni ó bá a ra alùpùpù, ó ní, “Bàbá onílé mi, mẹkáníìkì, àti ìwé tí mo kọ́.”

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìwé alùpùpù àkọ́kọ́ kò dára?
2. Níbo ni nọ́ńbà méjèèjì máa ń wà?
3. Kí ni èéfín tí ó dà bí aró ń sọ fún wa?
4. Kí ló dé tí wọ́n fi lọ sí Odigbo ní òwúrọ̀?
5. Ẹ da rìsíìtì inú ẹ̀kọ́ yìí kọ sínú ìwé yín, kí ẹ sì fi orúkọ yín sí ibi tí ó yẹ.