Àrùn Tí Ń Mú Tòmátì Rọ: Bí Kòkòrò Inú Ilẹ̀ Ti Ń Rí Gbòǹgbò

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìlá-Ọ̀ràngún àti gbogbo Òṣun Ìgbómìnà, bí tòmátì yín bá rọ ní ọ̀sán, tí ewé rẹ̀ kò kọ́kọ́ pọ́n, tí ó sọjí díẹ̀ ní alẹ́, tí ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ má ṣe rò pé àìrí omi nìkan ni. Kòkòrò àìfojúrí kan tí à ń pè ní Ralstonia solanacearum lè wà nídìí rẹ̀.

Inú ilẹ̀ ni ó ń gbé. Kò ní ojú, kò sì ní imú, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà. Gbòǹgbò a máa sun omi díẹ̀ sínú ilẹ̀, èròjà tí ó jẹ́ oúnjẹ fún kòkòrò sì wà nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù, kòkòrò yìí a lúwẹ̀ẹ́ tọ ipa èròjà náà lọ. Yóò gba ojú ọgbẹ́ wọ gbòǹgbò, yóò sì dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè.

Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn. Wọ́n yí kòkòrò náà padà kí ó lè máa lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má lè tọ ipa oúnjẹ mọ́. Nígbà tí wọ́n dà á sí ilẹ̀, agbára rẹ̀ láti ṣe tòmátì ní ibi dínkù. Nígbà tí wọ́n fi í sínú igi tòmátì gan-an, agbára rẹ̀ pé. Wọ́n tún rí i pé omi gbòǹgbò tòmátì ń fà á ju ti ìrẹsì lọ.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ má ṣe fi ọkọ́ ṣá gbòǹgbò nígbà tí ẹ bá ń roko.

2. Ẹ gé igi èyí tí ó rọ, kí ẹ fi ojú ibi tí ẹ gé bọ omi mímọ́ nínú ife gíláàsì. Bí ohun funfun bí wàrà bá ń ṣàn jáde bí òwú, àrùn náà ni. Ẹ fà á tu, ẹ sun ún, ẹ sì fọ ọkọ́ yín.

3. Ẹ má ṣe gbin tòmátì, ata, ìgbá tàbí ẹ̀pà sí ilẹ̀ náà fún ọdún díẹ̀. Àgbàdo ni kí ẹ gbìn.

Kò sí oògùn tí ó lè wo èyí tí ó ti rọ sàn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ jọ ń hu irúgbìn lójú kan, ẹ yan ilẹ̀ tí àrùn yìí kò tí ì jà rí, nítorí ilẹ̀ kan tí ó lárùn lè ran oko gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.