Ẹja Pẹlẹbẹ Inú Òkun

Ará Òkè-Ògùn tí ó bá rí ẹja kan ní ọjà Èkó, tí ó pẹlẹbẹ bí ahọ́n, tí ojú rẹ̀ méjèèjì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, lè rò pé àrùn ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó jáde láti inú ẹyin, ojú kan wà ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Bí ó ti ń dàgbà, ọ̀kan a ré orí kọjá lọ bá èkejì. Láti ìgbà náà ni yóò ti máa fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun. Òkè ara rẹ̀ ní àwọ̀ iyanrìn, abẹ́ rẹ̀ funfun. A máa fi iyanrìn bo ara, ojú nìkan ni yóò yọ, títí edé tàbí ekòló òkun yóò fi kọjá. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi í du àwọn ọmọ yín: oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà ni. Kìkì kí ojú rẹ̀ mọ́, kí ara rẹ̀ le, kí ó má sì ṣe rùn.