Ojú-Ọjọ́ àti Èdè ní Ilẹ̀ Etiópíà

Nígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ bá ń múra ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kékeré, gbólóhùn kan wà tí ó máa ń tètè bọ́ sí wa lẹ́nu: pé ilẹ̀ tí ó bá súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé ni ó ń gbóná, èyí tí ó bá sì jìnnà sí i ni ó ń tutù. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Àwa fẹ́ fi ilẹ̀ Etiópíà dán an wò, kí a sì fi hàn pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ojú-ọjọ́ ilẹ̀ kan, ó yẹ kí ó tẹ́tí sí èdè àwọn ará ilẹ̀ náà pẹ̀lú.

Gíga ilẹ̀ náà

Bí a bá wo àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, a ó rí i pé Addis Ababa, olú-ìlú Etiópíà, àti ìlú Ṣakí ní ilẹ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà dọ́gba sí ìlà agbedeméjì ayé. Síbẹ̀ ojú-ọjọ́ wọn kò bá ara wọn mu rárá. Addis Ababa ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 2,350 mítà. Bí a bá pín ooru ọdún rẹ̀ dọ́gba, nǹkan bí 16 ni lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí ti Èkó tí ó wà létí òkun jẹ́ nǹkan bí 27. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń tutù, ní nǹkan bí 6 fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ kan náà, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, pẹ̀tẹ́lẹ̀ Danakil wà tí ó rẹlẹ̀ ju òkun lọ ní ohun tí ó ju 100 mítà. Ní Dallol tí ó wà níbẹ̀, a wọn ooru láti ọdún 1960 títí dé 1966, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì ju 34 lọ. Ó wà lára èyí tí ó ga jùlọ tí a tíì kọ sílẹ̀ ní gbogbo ayé.

Orúkọ tí wọ́n sọ ojú-ọjọ́ wọn

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ará Etiópíà wo òkè àti àfonífojì wọn kí wọ́n tó fún wọn ní orúkọ. Nínú èdè Ámháríkì, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí ó gbóná tí ó sì gbẹ ni bereha. Qolla wà lókè rẹ̀, níbi tí ọkà bàbà ti ń ṣe dáadáa. Weyna dega ni ó tẹ̀lé e, láti nǹkan bí 1,500 mítà sókè, níbi tí ooru àti òtútù ti mọ níwọ̀n. Ibẹ̀ ni teff, ọkà wíwẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ injera, ti ń so jùlọ. Òkè rẹ̀ ni dega, ilẹ̀ tútù tí a ń gbin ọkà báálì àti àlìkámà. Wurch ni ó ga ju gbogbo wọn lọ, níbi tí ìrì ti ń dì ní òru. Nítorí náà bí ẹnìkan bá wí pé ará dega ni òun, olùgbọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tí ó ń gbìn àti irú aṣọ tí ó ń wọ̀.

Bí àwa ti ní òjò àkọ́rọ̀ àti ti àrọ̀kúrò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ní òjò méjì: belg, òjò kékeré láti oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún, àti kiremt, òjò ńlá láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án. Kiremt ni ó ń mú odò Abay kún, tí omi rẹ̀ sì ń lọ bá odò Náílì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni bega. Bí kiremt bá ń parí ni ọdún tuntun wọn ń bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án wa, tàbí ọjọ́ 12 nígbà mìíràn, tí òdòdó pupa rúsúrúsú sì ti bo pápá.

Wákàtí wọn pẹ̀lú ń tẹ̀lé oòrùn. Nítorí pé kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ nínú ìgbà tí oòrùn ń yọ láàárín ọdún, òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń kà á: agogo méje òwúrọ̀ tiwa jẹ́ agogo kan lọ́dọ̀ wọn.

Àwọn èdè ilẹ̀ náà

Èdè tí a ń sọ ní Etiópíà ju 80 lọ. Àwọn tí ń sọ Oromo ni ó pọ̀ jùlọ, Ámháríkì sì tẹ̀lé e. Somali, Tigrinya àti Afar wà lára àwọn yòókù. Àwọn Afar ni ó ń da ràkúnmí àti ewúrẹ́ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbóná tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ámháríkì ní ọ̀nà ìkọ̀wé tirẹ̀ tí a ń pè ní fidel: lẹ́tà 33, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìrísí 7, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 231. Oromo ń lo irú lẹ́tà tí àwa ń lò láti ọdún 1991.

Ní ayé Ọba Haile Selassie, Ámháríkì ni èdè ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Afar tí kò gbọ́ ọ rí nílé ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń kọ́ èdè, ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1979 ni a bẹ̀rẹ̀ ìkéde ńlá láti kọ́ àwọn ènìyàn ní ìwé kíkà, èdè 15 ni a sì lò. Ní 1994 ni ìjọba là á kalẹ̀ pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ti 1995 sì sọ pé gbogbo èdè ilẹ̀ náà dọ́gba. Iṣẹ́ náà kò rọrùn, nítorí èdè kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ìwé àti olùkọ́ tirẹ̀.

Ohun tí ó kàn wá

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ lè ka ìgbà mẹ́rin inú ọdún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìṣìnà, síbẹ̀ kí ó má lè sọ ohun tí àkọ́rọ̀ jẹ́. Ìmọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní gbòǹgbò. Nítorí náà, kí a tó mú àwọn ọmọ lọ sí Etiópíà nínú ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ tiwọn lọ́wọ́ wọn: ọyẹ́, ìrì, kùrukùru, ọ̀gìnnìtìn. Lẹ́yìn náà kí a ya òkè kan tí ó ní àtẹ̀gùn márùn-ún sára pátákó, kí a kọ orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i, kí a sì ní kí àwọn ọmọ fi ohun ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. A gbàgbọ́ pé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní tètè kúrò lọ́kàn wọn. A fi í sílẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa láti yẹ̀ ẹ́ wò.