BÍ A Ó TI ṢE ÌṢIRÒ OHUN ALÀÀYÈ ETÍ ÒKUN ṢÁÁJÚ ÀTI LẸ́YÌN TÍ A BÁ DA IYANRÌN SÍ I

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti apẹja tí ń gbé ní etí òkun, láti Àgbádárìgì títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, ẹ̀yin àti àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín ni a kọ ìwé kékeré yìí fún. Bí òkun bá ń jẹ ilẹ̀ ibì kan, ọ̀kan nínú àwọn àtúnṣe tí a máa ń ṣe ni pé kí a fi ọkọ̀ ńlá fa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun, kí a sì dà á sí etí òkun náà. Iṣẹ́ yìí lè gba ilé, oko àgbọn àti ọ̀nà là. Ṣùgbọ́n ó tún ń bo àwọn ohun alààyè tí ẹja àti ẹyẹ ń jẹ mọ́lẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kọ́ yín níhìn-ín ni bí ẹ̀yin fúnra yín yóò ti mọ ohun tí iṣẹ́ náà mú wá àti ohun tí ó kó lọ.

1. ÌDÍ TÍ ÒKUN FI Ń JẸ ILẸ̀

Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì òkun ti ń wá sí etíkun wa. Bí ó ti ń lu etí òkun ní ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ru iyanrìn lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, tọ̀sán-tòru. Níwọ̀n ìgbà tí iyanrìn tí ń bọ̀ bá tó èyí tí ń lọ, etí òkun a dúró ní ipò rẹ̀. Bí ohun kan bá dí ọ̀nà, ìwọ̀-oòrùn ìdènà náà a máa kún, ìlà-oòrùn rẹ̀ a sì máa jẹ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó nìyẹn. Láàárín ọdún 1908 sí 1912 ni a kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó, kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé láìséwu. Iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí kó jọ ní Lighthouse Beach ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ Bar Beach ní Victoria Island ní ìhà ìlà-oòrùn. Irú rẹ̀ kan náà ṣẹlẹ̀ ní ìlà-oòrùn Lomé àti ti Kútọnu, lẹ́yìn tí a kọ́ èbúté sí ìlú méjèèjì láàárín ọdún 1960 sí 1969.

2. OHUN TÍ BAR BEACH KỌ́ WA

Ẹ fi ojú inú wo àpótí kan tí ó gùn ní mítà 1, tí ó fẹ̀ ní mítà 1, tí ó sì jìn ní mítà 1. Iyanrìn tí ó kún un ni a óò máa pè ní àpótí kan. Láti ọdún 1958 ni a ti ń da iyanrìn sí Bar Beach. Ní 1974 sí 1975, nǹkan bí mílíọ̀nù 3 àpótí ni a dà síbẹ̀; ní 1981, mílíọ̀nù 2; ní 1985 sí 1986, mílíọ̀nù 3; ní 1990 sí 1991, mílíọ̀nù 5. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, òkun tún kó iyanrìn náà lọ, nítorí pé ohun tí ó dí ọ̀nà iyanrìn kò kúrò níbẹ̀. Lónìí, ilẹ̀ Eko Atlantic, tí a fi ògiri òkúta dáàbò bò, ni ó gba ipò Bar Beach àtijọ́.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń da iyanrìn. Ibi tí a bá ti dà á lẹ́ẹ̀kan, a lè tún dà á níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Bí àwọn ẹ̀dá inú iyanrìn kò bá tíì bọ̀ sípò kí a tó tún bò wọ́n, wọn yóò máa dín kù síwájú sí i. Nítorí èyí ni àwọn ará Netherlands ṣe dán ọ̀nà mìíràn wò ní ọdún 1911 lé ọgọ́rùn-ún, èyíinì ni 2011: wọ́n da mílíọ̀nù 21.5 àpótí iyanrìn sí ojú kan ní etíkun wọn, kí ìgbì àti afẹ́fẹ́ fúnra wọn lè máa pín in káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún.

3. ÀWỌN TÍ IYANRÌN Ń BÒ MỌ́LẸ̀

Etí òkun kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Nínú iyanrìn tí omi ń bò tí ó sì ń ṣí ni aràn, akàn kéékèèké àti àwọn ẹ̀dá oníkarahun méjì ń gbé. Àwọn ni oúnjẹ ẹyẹ etí omi, àti ti àwọn ẹja tí ń wá jẹun ní ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Lókè wọn ni ihò àwọn akàn tí ń sáré lórí iyanrìn wà. Lókè pátápátá ni ìtàkùn tí ń tàn kálẹ̀ wà, èyí tí ń di iyanrìn mú kí afẹ́fẹ́ má baà fẹ́ ẹ lọ sínú oko.

Bí a bá da iyanrìn tí ó nípọn sórí wọn, ọ̀pọ̀ wọn a kú lójú ẹsẹ̀. Bí wọn yóò bá tètè padà tàbí wọn kò níí tètè padà, irú iyanrìn tí a dà ni yóò pinnu rẹ̀. Iyanrìn tí ó jọ ti àtijọ́ kì í pa wọ́n lára pẹ́ púpọ̀. Èyí tí ẹrọ̀fọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, tàbí tí ó kún fún ìkarahun fífọ́, kì í jẹ́ kí wọ́n rí ibi wọ̀. Ẹrọ̀fọ̀ a tún máa ba omi jẹ́, ẹja a sì sá.

Ìjàpá òkun pẹ̀lú ń wá yé ẹyin sí etíkun wa lóru, pàápàá ní àwọn oṣù ọ̀gbẹlẹ̀. Bí iyanrìn tuntun bá le gbagidi, kò ní lè gbẹ́ ihò. Bí ìgbì bá gé iyanrìn náà bí ògiri, kò ní lè gùn ún. Bí iyanrìn náà bá dúdú ju ti àtijọ́ lọ, yóò gbóná jù. Ooru iyanrìn ni ó sì ń pinnu bóyá akọ tàbí abo ni ọmọ yóò jẹ́.

4. IBI MÉJÌ, ÌGBÀ MÉJÌ

Èyí ni ọ̀pá ìdiwọ̀n gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò mọ iye owó tí ó wà nínú àpò rẹ̀ kò lè sọ iye tí olè mú níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ kà kí iyanrìn tó dé, kí ẹ sì tún kà lẹ́yìn tí ó bá dé. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú, kí ẹ lè ní àkọsílẹ̀ ìgbà òjò àti ti ọ̀gbẹlẹ̀.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ kà ní ibi méjì: ibi tí a óò da iyanrìn sí, àti etí òkun mìíràn tí ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n tí a kò ní da iyanrìn sí. Ibi kejì yìí ni a ń pè ní ibi àfiwé. Ó sàn kí ó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, nítorí pé ìhà ìlà-oòrùn ni ìgbì yóò ru iyanrìn tuntun lọ.

Irú ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé ní San Diego ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí a da iyanrìn sí etí òkun 8 ní ọdún 2012. Wọ́n ka ẹ̀dá inú iyanrìn ní apá tí a bò àti ní apá tí a kò bò, wọ́n sì ń kà á lọ fún oṣù 15. Nígbà tí oṣù náà pé, àwọn ẹ̀dá kan ti padà bọ̀ sípò, àwọn mìíràn kò tíì padà. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n kà á ní apá méjèèjì, ta ni ìbá mọ̀?

5. OHUN TÍ Ẹ Ó KÀ

Ẹ yan ènìyàn mẹ́rin tí ó mọ̀wé nínú ẹgbẹ́. Kí wọ́n máa kà ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ní òwúrọ̀, nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn. Ọjọ́ kejì tí oṣù bá lé ni ó dára jù, kí ipò omi má baà yàtọ̀ láti oṣù kan sí èkejì.

(a) Ihò akàn. Ẹ fi okùn àti èèkàn mẹ́rin ṣe igun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 2. Ẹ tẹ́ ẹ sí ojú mẹ́wàá láti ibi tí omi dé títí dé ìdí ìtàkùn, kí ẹ sì ka ihò tí ó wà nínú rẹ̀.

(b) Ẹ̀dá inú iyanrìn. Ní ojú mẹ́wàá, ní ibi tí iyanrìn ṣì tutù, ẹ fi ṣọ́bìrì wa iyanrìn kún korobá kan náà. Ẹ fi omi òkun jọ̀ ọ́ nínú ajọ̀ tí ojú rẹ̀ kéré. Ẹ ka ohun alààyè tí ó kù, kí ẹ sì dá wọn padà láàyè.

(d) Iyanrìn fúnra rẹ̀. Ẹ bu iyanrìn sí ìgò funfun títí dé ìdajì, ẹ fi omi kún un, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀. Ẹ wò ó bí omi yóò ti pẹ́ tó kí ó tó mọ́. Ẹ ṣe ti iyanrìn àtijọ́ àti ti tuntun ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

(e) Ẹja. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fa àwọ̀n, ẹ kọ ọjọ́, iye apẹ̀rẹ̀, àti irú ẹja, ìbáà ṣe ṣawá tàbí àpò. Iye apẹ̀rẹ̀ fún fífà kan ni kí ẹ ṣírò, kì í ṣe àpapọ̀ oṣù nìkan, nítorí pé oṣù tí ẹ fa àwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì kò lè bá èyí tí ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹwàá dọ́gba.

(ẹ) Ipa ìjàpá òkun. Ẹ ka ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lówùúrọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó yé tàbí ó padà láìyé. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹyin rẹ̀.

(f) Kànga àti oko. Omi òkun ni ó ń gbé iyanrìn náà wá. Bí ó bá ṣàn wọ oko, iyọ̀ yóò ba ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gẹ́ jẹ́. Ẹ máa tọ́ omi kànga yín wò lóṣooṣù, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ó bá ní iyọ̀.

6. BÍ A TI Ń KA ÀKỌSÍLẸ̀ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Kí a sọ pé, kí iyanrìn tó dé, ihò akàn 40 wà ní ibi tí a óò da iyanrìn sí, 38 sì wà ní ibi àfiwé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ ka 10 ní ti àkọ́kọ́, ẹ sì ka 36 ní ibi àfiwé. Ó hàn gbangba pé iyanrìn ni ó fa àdínkù náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 11 ni ẹ kà ní ibi àfiwé pẹ̀lú, ohun kan tí ó kan etí òkun méjèèjì ni ó fà á. Ẹ má ṣe di ẹ̀bi rẹ̀ ru iyanrìn. Ẹni tí ó bá sọ òtítọ́ nígbà tí àkọsílẹ̀ kò gbè é ni a óò gbà gbọ́ nígbà tí ó bá gbè é.

7. ÌWÚLÒ RẸ̀ NÍWÁJÚ ÌJỌBA

Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Àṣẹ Nọ́mbà 86 ti ọdún 1992, sọ pé a gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò ṣe sí àyíká kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dárúkọ fífi iyanrìn gba ilẹ̀ ní etí òkun, bí ilẹ̀ náà bá tó hẹ́kítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì fún ará ìlú láyè láti sọ èrò wọn kí a tó ṣe ìpinnu. Apẹja tí ó bá dìde níbẹ̀ tí ó sọ pé, “Ẹja ti tán,” yóò gbọ́ pé kí ó mú ẹ̀rí wá. Ẹgbẹ́ tí ó bá gbé ìwé àkọsílẹ̀ oṣù 12 kalẹ̀ ti mú ẹ̀rí wá. Ó lè fi bèèrè pé kí a má ṣe da iyanrìn ní àsìkò tí ìjàpá ń yé, kí a má ṣe lo iyanrìn ẹlẹ́rọ̀fọ̀, kí a sì bò ó ní abala-abala, kí àwọn ẹ̀dá inú abala tí a fi sílẹ̀ lè tàn kálẹ̀ sí èyí tí a bò.

Àwọn tí ń da iyanrìn lè ní àwọn akàwé tiwọn. Ẹ gbà wọ́n tọwọ́-tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí wọn fi ìwé tiyín sílẹ̀. Ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni.

8. Ẹ RÁNTÍ

Ẹ kà kí iyanrìn tó dé. Ẹ kà ní ibi méjì. Ẹ kà ní àkókò kan náà lóṣooṣù, pẹ̀lú okùn kan náà àti korobá kan náà. Ẹ kọ òdo sílẹ̀ bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, nítorí pé òdo pẹ̀lú jẹ́ iye. Ẹ máa kà á lọ fún ọdún méjì, ó kéré tán, lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣe ẹ̀dà ìwé náà méjì: kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kí èkejì wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn àti ẹja pípa tí ó wà ní agbègbè yín, ẹni tí yóò ràn yín lọ́wọ́ níbi tí ìṣirò bá ti ṣòro.