Bí A Bá Fi Go Tún Ìkànnì Wa Kọ, Ṣé Yóò Yára Ju Báyìí Lọ?

ÌBÉÈRÈ

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Èrúwà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní Igbó-Ọrà la jọ ṣe ìkànnì kan tí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn alájàpá fi ń mọ iye tí wọ́n ń ta ohun ọ̀gbìn ní ìlú méjèèje Ìbàràpá. Ogún ohun ọ̀gbìn la ń kọ iye owó wọn síbẹ̀: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀gúsí, káṣú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Python la fi kọ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀, pàápàá lọ́jọ́ ọjà. Ọ̀rẹ́ mi ní ká pa Python tì, ká fi Go tún gbogbo rẹ̀ kọ, nítorí pé èdè tí wọ́n ń kọ́ńpáìlì ni Go. Ohun tí kò yé mi rèé: báwo ni ohun tí a ṣe sí kóòdù lórí kọ̀ǹpútà wa níbí ṣe lè mú kí ojú ewé tètè ṣí lórí fóònù ẹlòmíì ní Àyétẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, Èrúwà

ÌDÁHÙN

Ìbéèrè yín kì í ṣe kékeré. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí gan-an ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ pé èdè tí wọ́n ń kọ́ńpáìlì máa ń yára, òótọ́ sì ni. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyára yẹn yóò dé ọwọ́ ẹni tó ń lo ìkànnì yín.

Ìdáhùn mi ní ṣókí rèé. Kíkọ́ńpáìlì, ìyẹn títúmọ̀ kóòdù sí èdè ẹ̀rọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ń dín àkókò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ kù, kì í dín àkókò tó fi ń dúró kù. Ẹ kọ́kọ́ wá èyí tó ń jẹ àkókò ìkànnì yín nínú méjèèjì, kí ẹ tó pinnu láti tún un kọ.

Ẹ wo ilé méjì tí àlejò ń yà sí. Ní ilé kìíní, wọ́n ti yan gàrí sílẹ̀ láti àná. Ní ilé kejì, ìgbà tí àlejò bá jókòó tán ni wọ́n tó ń bó ẹ̀gẹ́. Go dà bí ilé kìíní, Python dà bí ilé kejì. Ṣùgbọ́n bí omi tí wọ́n máa fi mu gàrí náà bá ṣì wà lódò, àlejò ilé méjèèjì ni yóò jókòó dè é.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Bí Python bá dé ibi tí ẹ ti ní kó ro owó méjì pọ̀, yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá nọ́ńbà ni wọ́n tàbí ọ̀rọ̀, yóò wá ọ̀nà ìròpọ̀ tó bá wọn mu, lẹ́yìn náà ni yóò tó rò wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá ní kó ṣe é nígbà mílíọ̀nù kan, ìgbà mílíọ̀nù kan náà ni yóò yẹ̀ wọ́n wò. Kọ̀ǹpáílà Go ti yẹ gbogbo èyí wò kí ìkànnì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Ẹ ó tẹ «go build», yóò sì sọ kóòdù yín di fáìlì kan ṣoṣo tó kún fún àṣẹ tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà lè mú ṣẹ ní tààrà. Fáìlì yẹn lẹ ó gbé lọ sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń fi ojú ewé ìkànnì yín ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn. Fóònù ẹni tó wà ní Àyétẹ̀ kì í rí i, ojú ewé tí sáfà bá fi ránṣẹ́ nìkan ló ń rí. Nítorí náà, orí sáfà ni èrè kíkọ́ńpáìlì wà.

Èrè náà kì í ṣe kékeré fún ẹni tó nílò rẹ̀. Àwọn ọ̀gbẹ́ni mẹ́ta, Robert Griesemer, Rob Pike àti Ken Thompson, ló bẹ̀rẹ̀ Go ní Google ní ọdún 2007. Wọ́n gbé e jáde fún gbogbo ayé ní 2009, ẹ̀dà 1.0 sì jáde ní 2012. Kó tó di pé Go gbilẹ̀, Facebook ti rí àǹfààní irú iṣẹ́ yìí. PHP ni wọ́n fi kọ ìkànnì wọn. Ní 2010, wọ́n kéde ètò kan tí wọ́n pè ní HipHop, tó ń yí kóòdù PHP padà sí C++ kí wọ́n lè kọ́ńpáìlì rẹ̀. Wọ́n ní ó dín iṣẹ́ tí ọpọlọ àwọn sáfà wọn ń ṣe kù ní nǹkan bí ìdajì. Ẹ kíyè sí i pé èrò tó ń lo Facebook nígbà náà ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ dáadáa. Agbára sáfà gan-an ni ìṣòro wọn, òun sì ni wọ́n tọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká wá wo tiyín. Ká ní Yúróòpù ni sáfà tí ẹ yá wà. Ẹnì kan tẹ ìkànnì yín ní Àyétẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ yóò gba òpó tẹlifóònù dé Èkó, yóò sì bọ́ sínú wáyà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ òkun. Ọ̀kan nínú àwọn wáyà náà ni MainOne, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, tó sì gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti Pọtogí dé Èkó. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé ọ̀rọ̀ nínú irú wáyà bẹ́ẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ lórí wáyà yẹn nìkan yóò gba nǹkan bí mìlísẹ́kọ́ńdì 70. Fóònù àti sáfà sì ní láti kọ́kọ́ kí ara wọn, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ààbò, kí fóònù tó wá béèrè ojú ewé. Àlọ àti àbọ̀ mẹ́ta nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Mìlísẹ́kọ́ńdì 210 ti lọ, iṣẹ́ kóòdù yín kò sì sí nínú rẹ̀ rárá. Kò sí èdè kọ̀ǹpútà tó lè gé ọ̀nà yẹn kúrú. Bí ẹ bá rí sáfà tó dára yá ní Èkó, ìyẹn nìkan lè ṣe ju kí ẹ pààrọ̀ èdè lọ.

Jíjìn sáfà tún ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE. Íntánẹ́ẹ̀tì dàrú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì kan àwọn báńkì ní Nàìjíríà. Ẹni tó fi Go kọ ìkànnì tó wà lókè òkun àti ẹni tó fi Python kọ ọ́, ìyà kan náà ló jẹ wọ́n.

Ibi kejì tí ìdádúró ti ń wá ni dátábéèsì, ìyẹn ibi tí ẹ kó àwọn iye owó pamọ́ sí, ibẹ̀ sì ni ọkàn mi lọ jù bí mo ṣe ka lẹ́tà yín. Ogún ohun ọ̀gbìn, ìlú méje. Bí ojú ewé àkọ́kọ́ bá ń béèrè iye owó ohun kọ̀ọ̀kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìbéèrè 140 ló ń lọ sí dátábéèsì kí ojú ewé kan tó ṣí. Ká ní mìlísẹ́kọ́ńdì 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, 280 ni gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, bí èèyàn 50 bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, ìbéèrè 7,000 nìyẹn. Bí ẹ bá fi Go kọ ohun kan náà, ìbéèrè 140 náà ni yóò máa bi dátábéèsì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ bí ẹ bá fi ìbéèrè kan ṣoṣo kó gbogbo iye owó náà wá, Python yín yóò yára lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ tún wò ó bóyá ẹ ti ṣe índẹ́ẹ̀sì, ìyẹn atọ́ka tí dátábéèsì fi ń tètè rí ìlà tó ń wá, sórí orúkọ ìlú, orúkọ ohun ọ̀gbìn àti déètì. Bí kò bá sí i, dátábéèsì ní láti ka gbogbo ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó rí iye owó ẹ̀gẹ́ tòní ní Táápá. Bí àkọsílẹ̀ yín bá ṣe ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kíkà náà yóò máa pẹ́ sí i.

Ọ̀nà láti mọ òótọ́ kò le. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ṣí ìkànnì yín nínú Chrome lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F12, ẹ yan «Network», kí ẹ sì wo àkókò tí ìlà àkọ́kọ́ fi dúró de sáfà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí kóòdù yín kọ aago sílẹ̀ kó tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ dátábéèsì àti lẹ́yìn tí èsì dé. Ẹ wá fi «EXPLAIN» síwájú ìbéèrè tó bá pẹ́ jù, dátábéèsì fúnra rẹ̀ yóò sọ fún yín bóyá índẹ́ẹ̀sì ló lò tàbí gbogbo ìlà ló ń kà.

Bí ẹ bá wọn ọ́n tí ẹ rí i pé dátábéèsì tètè ń dáhùn, tí sáfà sì wà nítòsí, àmọ́ tí ọpọlọ sáfà ń kún lọ́jọ́ ọjà, ọ̀rẹ́ yín ló jàre. Ibẹ̀ ni Go ti ń ṣe gudugudu méje. Ó lè dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lóhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé gorúùtìnì, ìyẹn iṣẹ́ kékeré tó fi ń tọ́jú ẹnì kọ̀ọ̀kan, kìlóbáìtì 2 péré ni RAM tó fi ń bẹ̀rẹ̀. Sáfà kékeré tí owó rẹ̀ kò gani lára lè gbé ìkànnì bẹ́ẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, ẹ má ṣe tú gbogbo ilé palẹ̀. Apá tó ń falẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi Go kọ, kí Python máa ṣe ìyókù.

Go nìkan kọ́ ni èdè tí ẹ ó gbọ́ nípa rẹ̀. Ní ti Rust, èdè tí wọ́n ń kọ́ńpáìlì lòun náà, ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2015. Ó yára gan-an, ṣùgbọ́n ó ń gba sùúrù láti kọ́ ju Go lọ. Java àti JavaScript ní tiwọn ń parí ìtumọ̀ kóòdù sí èdè ẹ̀rọ nígbà tí iṣẹ́ bá ti ń lọ lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń yára ju Python lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé èdè tí ẹ ń lò kò wúlò mọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ńláńlá ṣì ń jẹun lórí PHP àti Python títí di òní.

Nítorí náà, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fi àríyànjiyàn sílẹ̀ ná. Ẹ wọn àkókò ìkànnì yín lọ́jọ́ ọjà àti lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìdádúró ni ẹ bá rí, ẹ tún dátábéèsì ṣe, kí ẹ sì gbé sáfà súnmọ́ ilé. Bí iṣẹ́ ló pọ̀ jù, ẹ lo Go. Bó ti wù kó rí, ẹ kọ́ Go: ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní go.dev, yóò sì wúlò fún yín lẹ́yìn iṣẹ́ yìí.