Oògùn Ajá Kì Í Ṣe Oògùn Ológbò

Ẹ gbé etí ajá yín sókè, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun kan tó wú bí hóró ẹ̀wà, tó rọ̀ mọ́ awọ ara, eégbọn nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ajá ló mu yó. Eégbọn lè kó àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ náà: ara ajá á gbóná, kò ní jẹun, ìtọ̀ rẹ̀ sì lè pọ́n bíi sóbò.

Nítorí eégbọn, àwọn kan ń fi ọ̀tapiàpià wẹ ajá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Awọ ara ajá ń fà á mu, ajá á tún fi ahọ́n lá a. Eégbọn lè kú, kí ajá náà bá a lọ.

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kí ẹ lọ. Ìwọ̀n ajá ni yóò kọ́kọ́ wò, torí òun ni wọ́n fi ń mọ iye oògùn. Bí ajá ò bá dúró lórí òṣùwọ̀n, ẹ gbé e dání, kí ẹ gun òṣùwọ̀n náà. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ kílò 82, tí ẹ̀yin nìkan jẹ́ 70, kílò 12 ni ajá. Ẹ sọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ sọ bó bá lóyún, tàbí bí gìrì ti mú un rí.

Ti aràn tún yàtọ̀. Ọmọ ajá lè kó aràn látinú ìyá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún un lóògùn aràn láti ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ máa kó ìgbẹ́ ajá kúrò lójoojúmọ́, torí ẹyin aràn inú rẹ̀ lè mú àwọn ọmọ tó ń ṣeré nílẹ̀.

Ti ológbò ló ń bà mí lẹ́rù jù. Permethrin wà nínú àwọn oògùn eégbọn kan tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ajá. Ara ajá gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára rẹ̀. Etí á máa jà pìpì, ara á máa gbọ̀n, gìrì á dé, ó sì lè pa á. Bó bá ṣèèṣì kán sí i lára, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ wo lẹ́tà 10 yìí dáadáa: permethrin. Bí ẹ bá kà á lára páálí, ẹ má ṣe jẹ́ kó kan ológbò.